Súgà Inú Bisikíìtì Ìyá Àgbà

Ìró asẹ́ ògì ló máa ń jí mi nílé wa ní Àgbowó lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí. Ògì ni Màámi ń ṣe tà. Kí ojú ọjọ́ tó là tán, omi á ti máa ṣàn gba inú aṣọ asẹ́ bọ́ sínú bàsíà ńlá, ọwọ́ Màámi á sì máa yí èérí ògì ká lórí rẹ̀, wọ́ọ́rọ́, wọ́ọ́rọ́, láìsáré, bí ẹni ń fọ orí ọmọ tuntun. Tí ìyẹn bá dákẹ́, ìfági Bàámi á gbà á. Káfíńtà ni Bàámi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, eruku pákó wọn a sì máa wọ inú ọbẹ̀ wa bí ẹni tó ń sè é kò bá tètè dé e. Iyàrá mẹ́ta là ń gbé. Èmi àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi, la ni èyí tó kángun sẹ́yìnkùlé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, èmi ni mo wà fún wọn: mò ń gbá iyàrá, mò ń pọn omi ìwẹ̀ wọn, mò ń gbé póò wọn dà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ láràárọ̀. Mi ò kà á sí ìyà. Ẹni tó bá ń tọ́jú Ìyá Àgbà ló máa ń bá wọn jẹun, ohun tí wọ́n sì ń jẹ dùn ju ohun tí wọ́n ń bù fún àwọn ọmọ tó kù lọ.

Ìyá Àgbà kò ní eyín púpọ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù ni bisikíìtì, kí wọ́n tì í bọ omi, kó rọ̀, kí wọ́n sì gbé e mì. Bisikíìtì ọ̀hún kì í wọ́n wa nílé. Àgbà ìjọ ni wọ́n nínú ìjọ Aládùúrà kan tí kò jìnnà sí wa, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí àwọn ìyá ìjọ kì í wá kí wọn. Ẹni tó bá sì ń lọ kí arúgbó gbọ́dọ̀ mú nǹkan dání. Láyé àtijọ́, iṣu ni, tàbí ọsàn, tàbí ìdì ẹ̀fọ́ kan; ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń wí yìí, ohun tó bá wà nínú ọ̀rá tó ń dán ló níyì. Ẹni tó gbé ọsàn wá, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ti já a. Ẹni tó gbé bisikíìtì wá, ó ya ṣọ́ọ̀bù nítorí tìẹ. Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò Bàámi obìnrin, ni tiwọn pọ̀ jù. Taipíìsì ni wọ́n ní ọ́fíìsì kan ní Onírèké. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń ya ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Dùgbẹ̀, wọ́n á ra ọ̀rá bisikíìtì glúkóòsì márùn-ún, wọ́n á sì gbé e wá fún ìyá wọn pẹ̀lú bàtà gogoro wọn tó ń dún kò, kò, kò láti ìta. Inú agolo ńlá kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì là ń kó o sí, èmi ni mo ń ṣí i. Ìyá Àgbà á jẹ ọ̀kan, èmi náà á jẹ ọ̀kan. Bí mo bá dé láti ilé ìwé lọ́sàn-án, tí ooru mú, tí ìfági Bàámi ń lọ tó ń bọ̀ níta, agolo náà la máa ń jókòó tì.

Ìṣó kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ Bàámi, Ìyá Àgbà sì tẹ̀ ẹ́, ó gún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Èmi ni mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí ẹní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, egbò náà ò jiná, Bàámi bá gbé wọn lọ sí ọsibítù, èmi ni mo bá wọn gbé báàgì. Wọ́n ní kí Ìyá Àgbà tọ̀ sínú ìgò kékeré kan. Nọ́ọ̀sì po díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ oògùn aláwọ̀ búlúù, ó gbé e sórí iná, lójú wa níbẹ̀ ló ṣe pa àwọ̀ dà, tó di pupa bíi bíríkì. Dókítà ní ìtọ̀ súgà ni, òun ni kò jẹ́ kí egbò náà jiná. Ó kọ oògùn fún wọn, ó wá ní, "Màmá, láti òní lọ, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ súgà mọ́."

A délé, a ṣe bẹ́ẹ̀. Màámi kó gbogbo súgà oníhóró tó wà nílé fún ará ilé kejì. Ògì Ìyá Àgbà di ògì lásán. Wọ́n gbé e sẹ́nu, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n wo ojú Màámi: "Ìyàwó, ṣé omi tí o fi fọ asẹ́ lo bù fún mi?" Wọ́n mu ún ṣáá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan agolo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Súgà ni wọ́n ní kí wọ́n má jẹ, bisikíìtì kì í ṣe súgà. Ti glúkóòsì tiwa yìí tiẹ̀ tún yàtọ̀, oúnjẹ aláìsàn ni. Ta ni ò mọ ẹnì kan tí wọ́n fa omi glúkóòsì sí lára ní ọsibítù tó fi dìde? Bí àwọn ìyá ìjọ ṣe gbọ́ pé ẹsẹ̀ ń yọ Ìyá Àgbà lẹ́nu, ńṣe ni wọ́n túbọ̀ ń gbé e wá. "Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa o, Màmá, á fún yín lókun." Agolo kún, a kó ìyókù sínú báàgì.

Tí mo bá rò ó nísinsìnyí, mi ò rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi. Dókítà sọ ohun tó yẹ kó sọ, àwa náà sì ṣe ohun tí a gbọ́. Kò bi wá pé kí là ń jẹ láàárín oúnjẹ kan sí èkejì. Bó bá tiẹ̀ bi wá, a ò ní í ka bisikíìtì mọ́ ọn. Ìpanu ni. Ta ló ń ka ìpanu mọ́ oúnjẹ?

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, a padà sí ọsibítù. Ìtọ̀ náà tún di pupa. Dókítà tú aṣọ ara egbò, ìka kékeré yẹn ti ń ṣú. Ó fa Bàámi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n mo wà nítòsí, mo gbọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n gbé Ìyá Àgbà padà wá lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i. Bí súgà náà bá ṣì pọ̀ tó báyìí, egbò ọ̀hún á máa gòkè, àwọn ò sì ní í ní ọ̀nà míì ju kí àwọn gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. A padà sílé. Nígbà tí Bàámi wá sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán, wọ́n tún ìró wọn so, wọ́n ní, "Ẹ ò ní í sin ẹsẹ̀ mi ṣáájú mi."

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, Àǹtí Dúpẹ́ dé, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì kọjú sí Màámi. Nílé wa, ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló bá nílé. Màámi ju Àǹtí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n Ìbàdíàrán ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń kúnlẹ̀ kí i. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni ọ̀rọ̀ bá wọn.

"Ìyàwó, kí lò ń fún ìyá wa jẹ gan-an?"

"Ìbàdíàrán, ògì tí kò ní súgà ni. Ẹ̀kọ, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́. Ẹ bi wọ́n."

"Ìwọ lò ń se oúnjẹ. Ìwọ nìkan. Ibo wá ni súgà ń gbà wọlé? Ṣé ojú fèrèsé ni?"

Bàámi ní, "Dúpẹ́, ó tó." Màámi dìde, wọ́n lọ fọ asẹ́ wọn. Asẹ́ náà ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Màámi bá mi nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èèrà ti bo ibi tí mo ń da póò sí, wọ́n tò lọ bí okùn láti ìdí ògiri. Màámi wò wọ́n títí.

"Àṣàkẹ́, kí ni Ìyá Àgbà ń jẹ tí mi ò sí ńbẹ̀?"

"Bisikíìtì nìkan ni, Màámi."

"Mélòó lóòjọ́?"

"Méjì."

Irọ́ ni mo pa. Ọ̀rá kan odidi là ń jẹ lóòjọ́, èmi àti Ìyá Àgbà, ìgbà míì a sì ń ṣí èkejì. Ẹ̀rù tó ń bà mí kò ju ẹyọ kan lọ: bí wọ́n bá gba bisikíìtì lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, tèmi náà lọ nìyẹn. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wọn ò ká mi lára. Ó ká mi lára. Ṣùgbọ́n agolo náà sún mọ́ mi ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé irọ́ yẹn káàkiri. Lọ́jọ́ kẹta, mò ń bá wọn fi omi iyọ̀ fọ egbò náà, òórùn rẹ̀ yí padà, Ìyá Àgbà sì ń bi mí bóyá ó ti ń jiná, torí ojú wọn ò ríran débẹ̀ dáadáa. Mo ní ó ń jiná. Mo gbé abọ́ omi náà jáde, mo lọ bá Màámi nídìí ààrò, mo ní, "Ọ̀rá kan ni lóòjọ́, Màámi. Èmi náà ń jẹ níbẹ̀." Mo ti ń dúró de ìgbájú. Kò wá. Màámi kàn wò mí, wọ́n ní, "O ṣeun tí o sọ ọ́," wọ́n sì ń fẹ́ iná wọn lọ.

Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, wọ́n dúró de Sátidé. Àǹtí Dúpẹ́ dé, kò, kò, kò, pẹ̀lú ọ̀rá márùn-ún. Màámi kúnlẹ̀, wọ́n kí wọn, wọ́n gba ọ̀rá kan nínú rẹ̀, wọ́n já a, wọ́n rún gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, wọ́n sì da omi gbígbóná lé e.

"Ìyàwó! Kí lò ń fi bisikíìtì tí mo rà ṣe?"

"Ẹ fún mi láàyè díẹ̀, Ìbàdíàrán. Mo fẹ́ sẹ́ ẹ ni."

"O fẹ́ sẹ́ bisikíìtì? Bùọ̀dá, ẹ wá wo ìyàwó yín o, ó fẹ́ ṣe ògì bisikíìtì!"

Bàámi gbé ìfági kalẹ̀, wọ́n wá wò. Bí Màámi ṣe ń sẹ́ ògì àgbàdo náà ni wọ́n ṣe sẹ́ ẹ: wọ́n po ó nínú asẹ́, wọ́n fún un, wọ́n gbé ohun tó jò sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tòrò. A jẹ ẹ̀wà, a fọ abọ́. Nígbà tí ìyẹ̀fun ti sùn sísàlẹ̀ bí ògì ṣe ń sùn, Màámi fi ṣíbí kó òróró tó léfòó kúrò, wọ́n rọra da omi ojú rẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn, wọ́n gbé e ka iná èédú. Wọ́n jókòó tì í. Omi náà ń hó, ó ń fà, ó ń pọ́n. Nígbà tó yá, híhó rẹ̀ yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀, bí nǹkan tó ki. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ìyá Àgbà ké láti inú iyàrá: "Kí ló ń ta sánsán yẹn? Ẹ bu tèmi wá o!" Bàámi bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n rí ojú Àǹtí Dúpẹ́, wọ́n dákẹ́.

Màámi sọ ìkòkò náà kalẹ̀. Ohun tó kù nísàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n, ó ki bí oyin. Wọ́n ti ṣíbí bọ̀ ọ́, wọ́n gbé e sókè, ó fà bí òwú. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì na ṣíbí náà sí Àǹtí.

"Ẹ tọ́ ọ wò, Ìbàdíàrán."

Àǹtí tọ́ ọ wò.

"Kí ni, Dúpẹ́?" Bàámi ló bèèrè.

"Súgà ni."

Màámi ní, "Nínú ọ̀rá kan ṣoṣo ni o. Ọ̀rá kan ni Màmá àti ọmọ yìí ń jẹ lóòjọ́. Èmi ń yọ súgà nínú ògì, àwa kan náà la tún ń tì í bọ̀ wọ́n lẹ́nu."

"Ṣùgbọ́n glúkóòsì ni wọ́n kọ sí i lára!"

"Mi ò mọ̀wé, Ìbàdíàrán. Ohun tó wà nínú ìkòkò ni mo mọ̀."

Àǹtí mú ọ̀rá òfìfo náà nílẹ̀, wọ́n yí i, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Lẹ́tà tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kà á sókè: ìyẹ̀fun ló ṣáájú, súgà ló tẹ̀ lé e. Látàárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń taìpù ìwé ní ọ́fíìsì, ó sì ti tó ọdún kan tí wọ́n ti ń ra ọ̀rá yẹn. Wọ́n jókòó sórí pákó tí Bàámi ò tíì fági sí, pẹ̀lú yẹ̀rì funfun tí wọ́n wọ̀. "Èmi ni mò ń gé ẹsẹ̀ ìyá mi," ni wọ́n wí. Màámi ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé la jọ ṣe é. Màámi ò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Sátidé tó kọjá, ó sì dá mi lójú pé wọn ò gbàgbé rẹ̀.

Kí la wá máa fi sínú agolo? Iṣẹ́ ibẹ̀ ju iṣẹ́ asẹ́ lọ, torí arúgbó tí kò léyín ni, ó sì ti mọ adùn lẹ́nu. Ẹ̀pà sísun ni Màámi kọ́kọ́ gbé fún wọn. Ìyá Àgbà yí i lẹ́nu títí, wọ́n tu ú sí àtẹ́lẹwọ́: "Èmi kì í ṣe adìyẹ." Màámi bá gún un lódò, ó kúnná, wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n ń fi ìka lá a. Ìyẹn lọ. Awùsá ti jáde lọ́jà Bódìjà, a ń sè é, èmi ni mo ń pa á, mò ń já a wẹ́wẹ́ fún wọn. Wọ́n ní ó korò tí àwọn bá mu omi lé e, síbẹ̀ wọ́n ń jẹ ẹ́. Àǹtí Dúpẹ́ kì í dúró de Sátidé mọ́. Bí wọ́n bá ti ọ́fíìsì dé, wọ́n á wá àwọn obìnrin Fúlàní tó ń gbé wàrà wá láti ọ̀nà Mọ́níyà rí, wọ́n á ra èyí tí wọn ò tíì dín, tó rọ̀, Ìyá Àgbà á sì rún un mọ́ ẹ̀fọ́. Àgbọn náà wà, Màámi ń rín in. Bisikíìtì tí àwọn ìyá ìjọ bá gbé wá, Bàámi á gbà á lọ́dẹ̀dẹ̀, wọ́n á dúpẹ́, torí a kì í kọ ẹ̀bùn. Bí àlejò bá ti lọ, ó di ti aládìyẹ ẹ̀yìnkùlé wa.

Èmi àti Ìyá Àgbà la jìyà rẹ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orí ń fọ́ mi, mò ń ṣépè fún ẹ̀pà. Ìyá Àgbà á dúró kí Màámi lọ sọ́jà, wọ́n á wá fi ohùn jẹ́jẹ́ pè mí: "Àṣàkẹ́, ọkọ mi, bá mi wo ìsàlẹ̀ agolo yẹn bóyá ọ̀kan há síbẹ̀." Kò sí ìkankan. Mo mọ̀, torí èmi náà ti wò ó. Nísinsìnyí tí mo ti ní ọmọ-ọmọ, tí wọ́n ń ti ilé ìwé dé pẹ̀lú ọ̀rá oríṣiríṣi, mi kì í jà. Mo kàn máa ń rántí bí ó ṣe ṣòro tó fún èmi àti arúgbó tí wọ́n fẹ́ gé lẹ́sẹ̀ láti gbàgbé agolo kan, mo sì máa ń rí i pé ẹ̀pà wà lórí tábìlì kí wọ́n tó dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, a lọ. Gbogbo wa la lọ, títí kan Àǹtí. Nọ́ọ̀sì gbé ìgò sórí iná. Búlúù náà mì, ó di àwọ̀ ewé, ó dúró síbẹ̀. A dúró kó pọ́n. Kò pọ́n. Dókítà wo egbò náà, ó ní kò gòkè mọ́, àwọn ò ní í gé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìka kékeré yẹn ti kú, ó gbọ́dọ̀ lọ. Ó wá bi Màámi pé kí ni wọ́n ṣe. Màámi ní, "A gba bisikíìtì lọ́wọ́ wọn ni, sà." "Bisikíìtì?" ni dókítà wí. Ó gbé bírò, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Bí a ṣe ń jáde, mo gbọ́ tó ń bi bàbá tó wọlé lẹ́yìn wa pé ìpanu wo ni wọ́n ń jẹ.

Wọ́n gé ìka náà. Ojú ibẹ̀ jiná kí oṣù méjì tó pé, Ìyá Àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, nígbà tí ìyá ìjọ kan tó ti pẹ́ tí a ti rí gbẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú aṣọ ìjọ funfun rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé ọ̀rá bisikíìtì mẹ́ta lé wọn lẹ́sẹ̀. Bàámi na ọwọ́ láti gbà á gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ìyá Àgbà dá ọwọ́ wọn dúró.

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Olúwa á máa pèsè fún yín. Ẹ gbé e padà."

Ojú obìnrin náà yí. "Màmá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí." Ìyá Àgbà fa ìró sókè, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn sí iwájú rẹ̀. "Ẹ bá mi ka ìka ẹsẹ̀ mi."

Obìnrin náà fi ojú kà á, ẹnu rẹ̀ ń mì. "Mẹ́rin ni, Màmá."

"Irú ọ̀rá yẹn ni ìkarùn-ún bá lọ."

Obìnrin náà kó ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dá wọn padà sínú báàgì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dè é. Ó jókòó díẹ̀, ó ní, "Kí wá ni kí n mú wá nígbà míì, Màmá?"

Ìyá Àgbà rò ó, wọn ò kánjú.

"Ẹyin," ni wọ́n wí. "Ẹ bá mi sè é. Kí ẹ sì ti bó o kí ẹ tó dé."